Abẹ́ Ni Kẹ́ Ẹ Wò: Bí A Ṣe Ń Dá Olú Oníhò Mọ̀ Nínú Igbó

Ẹ̀yin bàbá àti ìyá mi, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin àbúrò, ẹ kú ìjókòó, ẹ sì kú òjò. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú yín ló la omi kọjá kó tó dé ibí láàárọ̀ yìí. Òjò yẹn náà ló jẹ́ ká rí nǹkan gbé sórí tábìlì.

Ohun mẹ́ta ni mo kó wá. Èyí tó wà nínú igbá ni olú tí ìyá mi ká ní Òsíẹ̀lẹ̀ lánàá, lórí òkìtì ìdì ẹyìn tí wọ́n ti gba ẹyìn ara rẹ̀ tán. Èyí tó wà nínú ọ̀rá jẹ́ olú gbígbẹ tí wọ́n rẹ́ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, láti ilẹ̀ Jámánì ni mo ti mú un bọ̀. Ẹ̀kẹta ló wà lábẹ́ ewé eéran yìí. Ìdí igi apá kan lójú ọ̀nà Olókèméjì ni mo ti rí i ní ìdájí òní. Ẹ jọ̀wọ́, kí ẹnikẹ́ni má ì tíì ṣí i.

Olú tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, àwọn onímọ̀ ń pè é ní bolete. Ní tèmi, olú oníhò ni n ó máa pè é lónìí, torí pé abẹ́ fìlà rẹ̀ kún fún ihò wínníwínní. Tí ẹ bá yí olú inú igbá ìyá mi yìí padà, abala tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ lẹ ó rí, tó tò lọ bí ojú ìwé láti àárín dé etí. Olú oníhò kò ní irú abala bẹ́ẹ̀. Abẹ́ tirẹ̀ dà bí inú búrẹ́dì tó wú dáadáa, tàbí bí fóòmù ìbùsùn. Ihò kọ̀ọ̀kan jẹ́ ẹnu ọ̀pá kékeré kan, àwọn ọ̀pá náà sì dúró gbọọrọ tira wọn, lọ sókè sínú fìlà. Inú àwọn ọ̀pá yẹn ni irúgbìn rẹ̀ ti ń jábọ́. Lára ọ̀pọ̀ nínú wọn, tí ẹ bá ti èékánná bọ ibi tí fóòmù náà ti pàdé ẹran fìlà, ẹ lè ṣí i kúrò lódidi.

Ẹnì kan lè sọ pé òun náà ti rí ihò lábẹ́ olú líle tó ń yọ lára ìtì igi bíi pẹpẹ. Òótọ́ ni. Àmọ́ ìyẹn le bí awọ tàbí bí pákó, fóòmù abẹ́ rẹ̀ kò ṣeé ṣí kúrò, ara igi ló sì lẹ̀ mọ́. Olú oníhò tí à ń sọ yìí rọ̀, ó ní ẹsẹ̀ láàárín, ilẹ̀ ló sì ti sábà máa ń hù jáde.

Ibi tí mo ti kọ́ ọ nìyí. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi gbé ní ìlú kékeré kan ní gúúsù Jámánì, lẹ́bàá igbó ńlá tí wọ́n ń pè ní Schwarzwald. Láti oṣù Kẹjọ wọ oṣù Kẹwàá, bí òjò bá ti rọ̀ níbẹ̀, tó bá fi máa tó ọjọ́ karùn-ún, tọmọdé tàgbà ni ẹ ó rí tó gbé agbọ̀n lọ́wọ́ tí wọ́n ń wọ igbó lọ. Ọkàn mi kọ́kọ́ balẹ̀ nígbà tí mo rí wọn. Bí wọ́n ṣe ń bẹ̀rẹ̀, tí wọ́n ń fi igi tú ewé gbígbẹ, bí ìyá mi ṣe ń ṣe é gan-an nìyẹn. Mo gbà pé mo ti mọ olú láti kékeré. Ó tó ọdún méjì kó tó yé mi pé ohun tí mo mọ̀ kò bá mi sọdá òkun.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ìyá mi mọ̀. Ó mọ òkìtì tí olú ń hù sí. Ó mọ̀ pé bí òjò àkọ́rọ̀ bá ti rọ̀, olú-ọ̀ràn á yọ lọ́wọ̀ọ́wọ́ níbi tí ikán wà, funfun kéékèèké, bí ìgbà tí èèyàn da ìrẹsì sílẹ̀. Ó mọ ìtì igi tó ti ń rà tí olú ń yọ lára rẹ̀ lọ́dọọdún. Tí ẹ bá fi olú kan ṣoṣo lé e lọ́wọ́, tí ẹ kò sì sọ ibi tí ẹ ti ká a, á bi yín pé, “Níbo ló hù sí?” Kò ní sọ nǹkan mìíràn títí ẹ ó fi dá a lóhùn. Ìmọ̀ tó jinlẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ Òsíẹ̀lẹ̀ ni gbòǹgbò ìmọ̀ náà wà. Ẹni tó bá gbé e wọ ọkọ̀ òfúrufú, tó wá gbẹ́kẹ̀ lé e lábẹ́ igi oak ní Yúróòpù, ó lè bá ibẹ̀ kú. Mi ò fi èyí dẹ́rù bà yín o.

Ẹ wo olú ìyá mi dáadáa. Volvariella ni orúkọ rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn onímọ̀. Nígbà tó ṣì kéré, inú àpò ló wà, bí ẹyin. Bó ṣe ń dàgbà, ó fa àpò náà ya, ìyókù àpò sì dúró nídìí ẹsẹ̀ rẹ̀ bí ife. Èyí nìyí, ẹ fọwọ́ kàn án. Ní Yúróòpù, olú kan wà tí òun náà ń jáde látinú àpò bí ẹyin, tí òun náà ní ife nídìí. Amanita phalloides ni. Orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ lédè Gẹ̀ẹ́sì túmọ̀ sí fìlà ikú, ó sì bá a mu. Ìdajì fìlà ẹyọ kan tó láti pa àgbàlagbà. Bí èèyàn bá jẹ ẹ́, kò ní mọ nǹkan kan lára fún wákàtí mẹ́fà sí méjìlá. Lẹ́yìn náà ni èébì àti ìgbẹ́ gbuuru á bẹ̀rẹ̀. Tó bá yá, ara á dà bí ẹni pé ó ti ń yá, àwọn ẹbí á máa dúpẹ́, kó tó di pé ẹ̀dọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kú ní ọjọ́ kẹta tàbí ìkẹrin.

Ní alẹ́ ọjọ́ tó kẹ́yìn ọdún 2011, wọ́n se irú olú yìí jẹ níbi oúnjẹ ọdún tuntun kan ní Canberra, olú-ìlú Ọsirélíà. Èèyàn méjì ló kú, alásè tó wá láti Ṣáínà sì wà lára wọn. Ní ilẹ̀ Éṣíà, irú Volvariella tó wà nínú igbá ìyá mi yìí ni wọ́n ń gbìn tí wọ́n sì ń jẹ. Bó o bá ti ń jẹ olú kan láti ọmọdé, tó o wá rí èkejì rẹ̀ nílẹ̀ àjèjì, ojú rẹ á sọ fún ọ pé ará ilé ni. Alásè ni ọkùnrin yẹn, kì í ṣe aláìmọ̀kan. Ẹ̀yin tí ẹ ní ọmọ ní Lọ́ńdọ̀nù, ní Hamburg, ní Tòróńtò, ẹ bá mi pè wọ́n, kẹ́ ẹ sọ èyí fún wọn.

Àwa ará Ẹ̀gbá mọ májèlé tó ń gbọ́ràn sí omi àti iná lẹ́nu. Ẹ̀gẹ́ ní májèlé, síbẹ̀ a ń rẹ ẹ́, a ń fún un, a ń sá a, ó sì di láfún tí gbogbo ilé ń jẹ. Iṣin náà, a máa ń dúró kó fúnra rẹ̀ la ẹnu, a ó sì yọ okùn pupa inú rẹ̀ dànù. Bóyá ìdí nìyẹn tí a fi máa ń rò pé bí iná bá pẹ́ lórí nǹkan, ewu rẹ̀ ti lọ. Májèlé fìlà ikú kì í gbọ́ ti iná. Ẹ sè é, ẹ sá a, ẹ gbé e sínú fíríìjì kó dì, bákan náà ni yóò wà.

Ìdí tí mo fi ń pariwo olú oníhò nìyí. Fìlà ikú ní abala lábẹ́. Gbogbo àwọn ìbátan rẹ̀ tó ń pani bẹ́ẹ̀ ní abala lábẹ́. Ẹni tó bá pinnu pé olú tí abẹ́ rẹ̀ jẹ́ fóòmù nìkan lòun ó máa ká nílẹ̀ òkèèrè, ó ti fi ìgbésẹ̀ kan ṣoṣo yẹra fún èyí tó burú jù lọ. Kò wá túmọ̀ sí pé gbogbo oníhò ló ṣeé jẹ o. Àwọn kan wà tó máa ń dá èèyàn dùbúlẹ̀, ọ̀kan sì wà tó máa ń ba gbogbo ìkòkò jẹ́. Ọ̀kan yẹn ni n ó kọ́kọ́ sọ, torí òun ló kọ́ mi lẹ́kọ̀ọ́.

Ọba láàárín àwọn olú oníhò ní Yúróòpù ni Boletus edulis. Pierre Bulliard, onímọ̀ ewéko ará Faransé, ló fún un lórúkọ náà ní ọdún 1782. Àwọn ará Ítálì ń pè é ní porcini. Steinpilz làwọn ará Jámánì ń pè é, ìyẹn olú òkúta, torí pé ara rẹ̀ le gírígírí nígbà tó bá ṣì kéré. Nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ìtumọ̀ yẹn, èmi ọmọ Abẹ́òkúta, mo mọ̀ pé olú yìí àti èmi máa bá ara wa lò pẹ́. Òun ló wà nínú ọ̀rá yìí. Ẹ ṣí i, kẹ́ ẹ gbóòórùn rẹ̀. Fìlà rẹ̀ dà bí ẹ̀yìn búrẹ́dì tí iná sun dáadáa, tí etí rẹ̀ mọ́ díẹ̀ ju àárín lọ. Ẹsẹ̀ rẹ̀ sanra, ó tóbi nísàlẹ̀ bí ọmọ odó. Lókè ẹsẹ̀ náà, níbi tó ti fẹ́ kan fìlà, ẹ ó rí àwọ̀n kan tó lẹ̀ mọ́ ọn, okùn rẹ̀ funfun, ó tín-ín-rín ju ti apẹja lọ. Fóòmù abẹ́ rẹ̀ funfun ní ìgbà èwe, tó bá yá ó pọ́n bí ìyeyè, tó bá gbó ó di àwọ̀ ewé tó fẹ́ gbẹ. Ẹ là á sí méjì, inú rẹ̀ á funfun, funfun náà ni yóò sì wà.

Ní ọdún kejì mi níbẹ̀, mo rí mẹ́fà nínú igbó, mo sì fi se ọbẹ̀ fún àwọn àlejò mẹ́rin. Kò sẹ́ni tó lè gbé ṣíbí ẹlẹ́ẹ̀kejì sẹ́nu. Ewúro tí a kò fọ̀ rárá ṣì dùn jù ú lọ. Márùn-ún nínú mẹ́fà náà dára. Ẹ̀kẹfà ló jẹ́ Tylopilus felleus, olú kíkorò, ẹyọ kan ṣoṣo náà ló sì gba gbogbo ìkòkò. Kò pa wá lára, ṣùgbọ́n oorun kò kùn mí lóru ọjọ́ náà. Ohun tó ń dà mí láàmú ni pé mo ti wo olú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, mo sì ti búra nínú ọkàn mi pé ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n.

Ní ilẹ̀ Jámánì, àwọn èèyàn kan wà tí wọ́n kọ́ nípa olú tí wọ́n sì ṣèdánwò yege, tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti bá aráàlú yẹ agbọ̀n wọn wò kó tó wọ ilé ìdáná. Bí ẹnì kan bá jẹ olú tó ṣe é léṣe, àwọn ilé ìwòsàn náà máa ń pè wọ́n kí wọ́n wá wo ohun tó ṣẹ́ kù nínú ìkòkò. Mo gbé agbọ̀n mi lọ bá ọ̀kan nínú wọn, ìyá àgbàlagbà kan. Ìyá yìí kò wo orí olú kankan. Ó tẹ́ ìwé ìròyìn sílẹ̀, ó yí gbogbo olú inú agbọ̀n mi padà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó dojú wọn délẹ̀, abẹ́ wá ń wo òkè. Ìgbà yẹn ló tó la ẹnu sọ̀rọ̀. Ó ní, “Orí lo wò. Gbogbo wọn ló ń dé fìlà tó jọra.”

Ó wá fi méjì hàn mí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Fóòmù olú kíkorò máa ń di píńkì bó ṣe ń dàgbà, ti olú òkúta kò ní ṣe bẹ́ẹ̀ láéláé. Olú kíkorò náà ní àwọ̀n lẹ́sẹ̀, ṣùgbọ́n dúdú ni okùn àwọ̀n tirẹ̀, lórí ẹsẹ̀ tó mọ́lẹ̀ jù ú lọ. Ti olú òkúta ni òdìkejì rẹ̀, okùn funfun lórí ẹsẹ̀ tó ṣókùnkùn díẹ̀. Bí ẹ bá rántí èyí nìkan, ẹ ti gba ọbẹ̀ là.

Láti ọjọ́ yẹn, mi ò ká olú ní ọrùn mọ́. Mo máa ń fi ọ̀bẹ wú u láti ìdí, kí n má bàa fi ohunkóhun sílẹ̀ nínú ilẹ̀, torí bí ife bá wà nídìí rẹ̀, inú ilẹ̀ ló máa sá pamọ́ sí. Kí n tó wú u, mo ti gbójú sókè wo igi tó wà lórí rẹ̀. Ìgbà tí mo bá yí i padà ni mo ń wo àwọ̀ fóòmù. N ó fi àtàǹpàkò tẹ fóòmù náà, n ó sì dúró.

Ìdúró yẹn ni mo fẹ́ kí ẹ̀yin ìyá wa aláró láti Ìtokú tó jókòó níwájú bá mi gbé yẹ̀ wò. Nígbà tí ẹ bá fa aṣọ jáde nínú ìkòkò aró, ṣé àwọ̀ aró lójú ẹsẹ̀ ni? Rárá. Àwọ̀ ewé ló máa ń jẹ́, tó tún pọ́n díẹ̀ bí ìyeyè. Ẹ ó nà án sókè, afẹ́fẹ́ á fẹ́ sí i, lójú yín báyìí ni àwọ̀ rẹ̀ yóò ṣe yí padà. Afẹ́fẹ́ ló ń sọ ẹlú di aró. Ohun kan náà ló ń ṣẹlẹ̀ lára ọ̀pọ̀ olú oníhò. Nínú ẹran ara wọn, nǹkan kan wà tó pọ́n bí ìyeyè, tí wọ́n ń pè ní variegatic acid. Níwọ̀n ìgbà tí olú náà bá wà lódidi, nǹkan yìí jókòó jẹ́ẹ́. Bí ọ̀bẹ bá ti là á, tàbí tí àtàǹpàkò bá tẹ̀ ẹ́ fọ́, afẹ́fẹ́ á kàn án, èròjà mìíràn nínú olú náà á sì tì í lẹ́yìn. Kẹ́ ẹ tó ka ẹní dé ẹẹ́wàá, ó ti di aró. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo rí i, ọ̀bẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lọ́wọ́ mi.

Ẹ̀rù àwọ̀ yẹn ló fà á tí wọ́n fi máa ń sọ pé olú tó bá di aró, májèlé ni. Kò rí bẹ́ẹ̀. Olú oníhò kan tó ń jẹ́ Imleria badia máa ń di aró níbi tí a bá tẹ̀, oúnjẹ gidi sì ni ní Jámánì àti ní Pólàǹdì. Olú kíkorò tó ba ọbẹ̀ mi jẹ́ kì í di aró rárá. Àwọ̀ yìí ń bá wa mọ orúkọ ni, kì í dájọ́ májèlé. Bí ẹ ṣe máa fi àwọ̀ aṣọ mọ ìkòkò aró tó ti jáde ni kẹ́ ẹ ṣe lò ó. Imleria yìí tiẹ̀ ní ìtàn mìíràn lọ́rùn. Nígbà tí ilé iṣẹ́ iná átọ́míìkì Chernobyl ní Ukraine bú gbàmù ní ọdún 1986, atẹ́gùn gbé ìdọ̀tí rẹ̀ dé gúúsù Jámánì, olú yìí sì jẹ́ ọ̀kan lára àwọn tó ń fa caesium, èròjà olóró kan tó wà nínú ìdọ̀tí náà, mọ́ra jù lọ. Ọgbọ̀n ọdún ni ìdajì caesium yẹn fi ń pòórá, nítorí náà wọ́n ṣì ń rí i lára olú àwọn igbó ibẹ̀ títí di òní.

Èyí tó yẹ ká sá fún gan-an ni ti fóòmù pupa. Mo ní pupa bí ẹ̀jẹ̀ tàbí bí ọsàn tó pọ́n, kì í ṣe ti ìyeyè. Ọ̀gá wọn ni Rubroboletus satanas, olú Sàtánì. Harald Othmar Lenz ti Jámánì ló sọ ọ́ lórúkọ náà ní 1831. Fìlà rẹ̀ funfun ràkọ̀ràkọ̀ bí ẹfun, ẹsẹ̀ rẹ̀ wú bí ikùn ìkòkò pẹ̀lú àwọ̀n pupa lára, ilẹ̀ ẹfun tí oòrùn ń pa dáadáa ló fẹ́ràn, lábẹ́ igi oak tàbí beech. Tó bá gbó, ó máa ń rùn bí òkú ẹran. Ẹni tó bá jẹ ẹ́ á bì fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Ẹ sì kíyè sí i: olú Sàtánì fúnra rẹ̀, díẹ̀ báyìí ló máa ń di aró tí a bá là á. Ẹni tó bá ń dúró de àwọ̀ aró kó tó sá, yóò ti jẹ ẹ́ tán. Òótọ́ ni pé àwọn olú kan tí fóòmù wọn pupa wà tí àwọn kan ń sè jẹ, Suillellus luridus fún àpẹẹrẹ, tí iná pípẹ́ máa ń ba májèlé rẹ̀ jẹ́ bíi ti ẹ̀gẹ́. Èmi ò jẹ ẹ́ rí, mi ò sì ní gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn pé kó jẹ ẹ́. Olú pọ̀ nínú igbó.

Ẹ jẹ́ kí n yára sọ̀rọ̀ lórí àwọn ìdánwò tí à ń gbọ́ káàkiri. Wọ́n ní bí kòkòrò tàbí ìgbín bá ti jẹ lára rẹ̀, kò léwu. Ìgbín ń jẹ fìlà ikú, kò sì ṣe é ní nǹkan kan. Wọ́n ní kẹ́ ẹ fi ṣíbí fàdákà tàbí àlùbọ́sà sínú ìkòkò, bó bá dúdú, kẹ́ ẹ dà á nù. Irọ́ ni, irọ́ náà sì ti pa èèyàn. Kò sí ìdánwò kan ṣoṣo tó ń ya olú rere sọ́tọ̀ kúrò lára olú burúkú. Orúkọ rẹ̀ lẹ ó mọ̀, bí ẹ ṣe ń mọ orúkọ èèyàn, kẹ́ ẹ tó lè sọ ìwà rẹ̀.

Ohun kan wà tí ẹ lè ṣe nílé tó ń ran ni lọ́wọ́ láti mọ orúkọ náà, kò sì náni ní kọ́bọ̀. Ẹ gé ẹsẹ̀ olú kúrò, kẹ́ ẹ dojú fìlà rẹ̀ dé orí bébà funfun, kẹ́ ẹ fi abọ́ bò ó sùn. Tílẹ̀ bá mọ́, irúgbìn rẹ̀ á ti rọ̀ sílẹ̀ bí àtíkè. Ti olú òkúta á jẹ́ àwọ̀ ilẹ̀ tó fà mọ́ àwọ̀ ewé díẹ̀. Ti olú kíkorò á fà sí píńkì. Olú oníhò kan wà ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà tí orí rẹ̀ rí págunpàgun bí èèpo igi, Strobilomyces, dúdú bí èédú ni tirẹ̀. Bébà yìí wúlò fún wa ní Abẹ́òkúta níbí náà. Tí ẹ bá rí olú funfun ńlá tó ní ẹ̀ẹ́pá àwọ̀ ilẹ̀ lórí, tó hù lórí koríko iwájú ilé tàbí iwájú ọ́fíìsì, tí ìrísí rẹ̀ dùn ún wò, ẹ fi bébà dán an wò. Bí àtíkè náà bá jẹ́ àwọ̀ ewé, Chlorophyllum molybdites ni. Kò ní í pẹ́ lẹ́yìn tí ẹ bá jẹ ẹ́ tí inú á bẹ̀rẹ̀ sí í run yín, tí èébì á sì tẹ̀ lé e. Òun kì í ṣe oníhò, ó ní abala, ṣùgbọ́n mo rí i lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ yìí, n kò sì lè dákẹ́.

Mo ní mo máa ń gbójú sókè wo igi. Ẹ̀yin àgbẹ̀ mọ àáró. Lónìí oko tèmi, lọ́la oko tìrẹ. Olú oníhò àti igi ń bá ara wọn ṣe àáró nínú ilẹ̀. Ohun tí a ń rí lókè yìí, èso lásán ni. Olú gan-an jẹ́ okùn wínníwínní bí òwú, tó nà káàkiri abẹ́ ilẹ̀, tó sì fi ara wé orí gbòǹgbò igi. Okùn yìí ń dé ibi tí gbòǹgbò kò lè dé, ó ń bá igi wá omi àti èròjà ilẹ̀ tí wọ́n ń pè ní phosphorus wá. Igi náà ń fi ṣúgà tí ewé rẹ̀ sè nínú oòrùn san án. Bí ẹ bá gé igi náà, ẹ ti gé ọwọ́ tó ń bọ́ olú. Ìdí nìyẹn tí wọn kò fi rí olú òkúta gbìn lóko dòní, bó ti wù kí owó rẹ̀ pọ̀ tó lọ́jà. Ìbátan rẹ̀ kan, Phlebopus portentosus, tí kò gbára lé igi báyẹn, ni àwọn ará Ṣáínà àti Thailand rí gbìn.

Ìdí kan náà ló fi jẹ́ pé ibi tí igi bá lọ ni olú ń bá a lọ. Olú òkúta kì í ṣe ọmọ Áfíríkà. Ṣùgbọ́n lónìí, wọ́n ń ká a ní South Africa àti ní Nyanga lápá ìlà oòrùn Zimbabwe, torí pé igi pine tí àwọn òyìnbó kó wá gbìn ló gbé e dání lára gbòǹgbò rẹ̀. Ní Yúróòpù, Leccinum scabrum kì í kúrò lábẹ́ igi birch, Gyrodon lividus kì í sì í kúrò lábẹ́ igi alder. Nítorí náà, ẹni tó mọ igi ti mọ ìdajì olú kó tó bẹ̀rẹ̀. Ìbéèrè ìyá mi kò jìnnà sí ti àwọn ará Jámánì rárá. Ó ń béèrè ibi tó hù sí. Àwọn náà ń béèrè igi tó hù sí abẹ́ rẹ̀. Èyí tí wọ́n fi lé e ni pé wọ́n ń wo abẹ́ olú náà pẹ̀lú.

Nílẹ̀ wa níbí, apá àti àpádò wà lára àwọn igi tó ń bá olú oníhò ṣe àáró. Ẹ̀yin tó ń rìn nínú igbó Arákaǹga tàbí lọ́nà Olókèméjì, ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ máa wò, lẹ́yìn òjò, lórí ilẹ̀ tó ní ewé jíjẹrà. Ẹ má fi àkókò ṣòfò lábẹ́ tíìkì àti gmelina. Àwọn igi wọ̀nyẹn ń bá olú mìíràn ṣe, irú èyí tí kì í yọrí jáde lórí ilẹ̀ rárá. Ó dùn mí láti sọ ọ́, ṣùgbọ́n ibi tí wọ́n bá ti gé apá fún pákó àti èédú, tí wọ́n sì gbin tíìkì rọ́pò rẹ̀, igbó ṣì máa dúró, àwọ̀ ewé ṣì máa wà lójú, àmọ́ abẹ́ ilẹ̀ ti yàtọ̀. Ọmọ tó bá dàgbà níbẹ̀ kò ní mọ̀ pé nǹkan kan ti lọ.

Ohun tí mo ń bẹ̀ fún ní ìlú yìí kò pọ̀. Ní ọjọ́ ọjà Òsíẹ̀lẹ̀ àti ti Láfẹ́ńwá, àwọn ìyá kan wà níbẹ̀ tó ti ń ta olú láti ogójì ọdún. Àwọn ni olùyẹ̀wò tiwa, kò sẹ́ni tó fún wọn ní ìwé ẹ̀rí. Kí àwọn ọ̀dọ́ tó ń kọ́ nípa ohun ọ̀gbìn ní Aláàbàtà gbé ìwé àti kámẹ́rà lọ jókòó tì wọ́n lásìkò òjò. Kí wọ́n kọ orúkọ tí àwọn ìyá náà ń pe olú kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, ibi tó ń hù sí, àti igi tó wà lórí rẹ̀, kí wọ́n sì ya àwòrán abẹ́ rẹ̀, kì í ṣe ti orí nìkan.

Ó ku olú tó wà lábẹ́ ewé. Èyí kò ní wọ ìkòkò o, wíwò la fẹ́ wò ó, bébà ni yóò sì sùn lé lórí lálẹ́ òní. Ẹ súnmọ́ tábìlì. Mo ti ṣí ewé kúrò. Mo ti yí i padà báyìí: ẹ rí fóòmù, ẹ rí i pé kò sí abala. Ẹ wo ìdí ẹsẹ̀ rẹ̀, mo wú u tán, kò sí ife. Ẹ̀yin ìyá wa láti Ìtokú, ẹ̀yin tí ọwọ́ yín ti bọ aró jù mí lọ, ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ mú ọ̀bẹ. Ẹ là á láti orí dé ìdí. Kí gbogbo wa dákẹ́ díẹ̀, ká máa wo ojú ibi tí ọ̀bẹ gbà.